Ọ̀nà Ìlawẹ̀ sí Ìgbàrà-Odò dé Ògòtún: ta ló ni ín, kí ló dé tí ojú kan náà fi ń bàjẹ́ lọ́dọọdún?

Ẹlẹ́ní_Ògòtún kọ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ulé. Ẹní ni mò ń tà. Ògòtún ni mo ti ń kó o, Ìbàdàn àti Èkó ni mo ń gbé e lọ. Bí ọ̀nà bá dára, ọkọ̀ wa á gba Ìgbàrà-Odò bọ́ sí Ìgbàrà-Òkè, a ti dé títì Iléṣà nìyẹn, ó di Ìbàdàn. Bí kò bá dára, dẹ́rẹ́bà á ní àfi ká gba Ìlawẹ̀ lọ sí Adó, ká tó wá máa wá ọ̀nà Àrámọ̀kọ. Owó ọkọ̀ á lé, ilẹ̀ á ṣú, oníbàárà á sì ti ra ti ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ là mí lóye. Ta gan-an ló ni ọ̀nà yìí? Ọ́fíìsì kan tí mo dé, wọ́n ní kì í ṣe tiwọn. Ibòmíràn ní kí n lọ bi Àbújá. Èkejì, kí ló dé tí ọ̀nà náà kò fi lè lọ tààrà? Gbogbo ìlú ló ń wọ̀, ẹnu ọjà ló ń gbà kọjá, bó bá sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ ò ní lè mí. Ṣé a lè kọ̀wé pé kí wọ́n tọ́ ọ?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ibì kan wà láàárín Ìgbàrà-Odò sí Ògòtún, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ lọ sí odò kékeré kan, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà òjò ló ń dà wọlẹ̀. Wọ́n á dí i, á dára nígbà ọyẹ́, kí òjò tó mú ilẹ̀ dáadáa á tún ti ya. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ẹrù mi rì sí ní òjò tó kọjá. Wọ́n ní láti já ẹní sílẹ̀ kí wọ́n tó lè ti ọkọ̀ jáde. Gbogbo èyí tí omi kàn ló hu, n kò rí ẹni rà á.

Bàbá_Gírédà dáhùn pé:

Ìyá ẹlẹ́ní, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àdánù. Gírédà, ẹ̀rọ alábẹ tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà, ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìjọba Oǹdó ló gbà mí síṣẹ́, nígbà tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú ìlú gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996, wọ́n pín òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe pín ẹ̀rọ, èmi sì bọ́ sí Adó. Kò sí kọ́nà kan lójú ọ̀nà yẹn tí n kò mọ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ní orílẹ̀-èdè wa, Trunk A ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, Trunk B ni ti ìpínlẹ̀, Trunk C ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé èyí tí àwọn aṣòfin Àbújá bá kéde pé ó jẹ́ ti àpapọ̀ ni Àbújá ni. Adó sí Ìkẹ̀rẹ́ dé Àkúrẹ́, ti àpapọ̀ ni. Adó sí Ìyìn, Ìgẹ̀dẹ̀, Àrámọ̀kọ, dé Ìtawùrẹ̀, ti àpapọ̀ ni. Irú ìyẹn ni wọ́n dá FERMA, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, sílẹ̀ fún ní ọdún 2002. Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé nígbà ìjọba ológun, láàárín 1970 sí 1979, ìjọba àpapọ̀ gba ọ̀pọ̀ ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, Trunk F ni wọ́n ń pe àwọn yẹn. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn kò ti mọ ẹni tí wọn ì bá bi. Ti Ìlawẹ̀ sí Ìgbàrà-Odò, Adó ni kí ẹ bi. Ọ̀nà oko tó yà kúrò lára rẹ̀ ni kí ẹ bi káńsù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó lọ sí Ìgbàrà-Òkè yẹn, ìpínlẹ̀ méjì ló ni ín: Èkìtì ni Ìgbàrà-Odò wà, Oǹdó ni Ìgbàrà-Òkè wà. Kó tó di 1996, ìpínlẹ̀ kan náà ni Ìgbàrà méjèèjì wà. Gírédà á wọlé láti apá kan, á jáde ní apá kejì, kò ní gbé abẹ sókè. Lẹ́yìn tí wọ́n pín wa, tiwa á dé ààlà, á yí padà. Tàwọn ará ọ̀hún náà á dé ààlà, á yí padà. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ wolẹ̀ dáadáa: ẹ ó rí ibi tí àwọ̀ ọ̀dà ti yàtọ̀ lójijì, tí gọ́tà apá kan sì parí láìbá gọ́tà apá kejì pàdé. Omi tí kò ríbi gbà á wá gba àárín títì. Àwọn Ìgbàrà méjèèjì ń fẹ́ ara wọn, wọ́n jọ ń ṣòwò, wọ́n jọ ń sin òkú. Ó máa ń dùn mí pé títì nìkan ni kò rí ara wọn bí ọmọ ìyá.

Nípa títọ́ ọ̀nà, èmi ò ní bá yín kọ irú ìwé yẹn. Ọ̀nà yìí kò yí bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ là á, ẹlẹ́sẹ̀ kì í sì í wá omi tí yóò là kọjá, orí òkè gbígbẹ ló máa ń tọ̀. Ilẹ̀ wa kún fún omi. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń lọ bọ ní Òṣogbo, Ìgẹ̀dẹ̀-Èkìtì ló ti ṣẹ̀. Bí ẹ bá fi okùn fa ọ̀nà láti Ìlawẹ̀ sí Ògòtún, gbogbo odò kéékèèké tí ọ̀nà àtijọ́ yẹra fún ni ẹ ó máa bá pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì béèrè kọ́fáàtì, ìyẹn ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, tàbí bíríìjì.

Nígbà tí mọ́tò wá dé, ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi fẹ ọ̀nà lójú. Láyé òyìnbó, ọba ni wọ́n máa ń rán sí pé kí àwọn èèyàn rẹ̀ jáde wá ro ọ̀nà, ìlú kọ̀ọ̀kan á ro tirẹ̀ dé ààlà. Ìlú wo ló máa ro ọ̀nà tí kò ní gba ojúde ọba rẹ̀ kọjá? Kòkó ló wá fi èdìdì dì í. Inú ìlú ni sìtọ́ọ̀ àti òṣùwọ̀n wà, inú ìlú náà ni lọ́rì gbọ́dọ̀ wọ̀. Ilé àti ilé ìjọsìn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ní ká tọ́ ọ, ẹ ní kó kọ́kọ́ ka iye igi kòkó tí yóò sanwó rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ohun tí mo lè tì lẹ́yìn ni pé kí wọ́n kó àtẹ ọjà kúrò létí títì, kí wọ́n sì wá àyè fún ọkọ̀ láti já ẹrù.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti ibi tó ń dà wọlẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò ló kọ́kọ́ pa ibẹ̀, omi ni. Ọ̀dà tí ẹ ń rí lókè yẹn, bíi páànù òrùlé ló rí: kò lè gbé ẹrù, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí omi má wọlé. Ilẹ̀ pupa tí a kì àti òkúta fífọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀. Ilẹ̀ pupa yẹn le koko nígbà tó bá gbẹ. Bí omi bá ti dúró sí i lára, ó di ẹ̀kọ.

Lẹ́yìn òjò ńlá, kí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ lọ dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó kẹ́rù kọjá, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀dà ti sán wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá rí i tí omi pupa ń rú jáde láti inú ojú sísán yẹn bí táyà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó sì tún fà wọlé bí táyà ti kọjá, ẹ mọ̀ pé omi ti wà nísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí táyà bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa fa erùpẹ̀ kíkúnná jáde díẹ̀díẹ̀, títí abẹ́ á fi ṣófo. Ọjọ́ tí ọ̀dà bá wá já sínú ihò yẹn ni àwọn èèyàn á ní “ọ̀nà bàjẹ́ lánàá.” Ó ti ń bàjẹ́ tipẹ́.

Ẹ wá rìn lọ wo kọ́fáàtì tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Ẹnu méjì ló ní, ẹnu tí omi ń gbà wọlé àti ẹnu tó ń gbà jáde. Àwọn èèyàn máa ń ro ẹnu àwọlé, wọ́n á gbàgbé ẹnu àjáde sínú igbó. Bí ẹnu àjáde bá dí, omi á ga sókè nínú rẹ̀, á máa wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rìn lábẹ́ títì.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dí i náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa ní ìwọ̀n omi tó ń fẹ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń bu ún sọ́wọ́, a ó fún un. Bó bá dì, tí kò fọ́, tí ọwọ́ kò sì tutù, ó ti tó kì. Bó bá ń rọ́ dànù, ẹ fi omi sí i. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ sá a. A ó wá dà á ní ìpele tín-ín-rín, rólà á gun ìpele kọ̀ọ̀kan kí a tó da òmíràn. Ẹni tó bá gbé típà kan wá nínú òjò, tó da gbogbo ẹ̀ sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan, tó fi táyà típà tẹ̀ ẹ́ tó sì lọ, adágún omi ló ṣe síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá a bo àṣírí.

Dẹ́rẹ́bà_Adó dáhùn pé:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo máa ń ná ọ̀nà yẹn, pàápàá nígbà tí ti Àkúrẹ́ bá le. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ omi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi etí títì sílẹ̀. Ọ̀dà náà tín-ín-rín. Bí ọkọ̀ ńlá méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ sínú erùpẹ̀. Erùpẹ̀ yẹn ti jìn ju ọ̀dà lọ, ibẹ̀ ni etí ọ̀dà ti ń gé bí ẹni gé bùrẹ́dì. Táyà mi ti ya níbẹ̀ rí.

Koríko nìkejì. Láti oṣù Karùn-ún, igbó á ti bo kọ́nà. O ò ní rí ọlọ́kadà tó ń bọ̀, àfi bó bá yọ sí ọ lójú. Ẹ ní kí wọ́n má tọ́ ọ̀nà, mo gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n gé igbó kọ́nà kí ojú lè tólẹ̀. Ìyẹn kò ná wọn ní ọ̀dà kankan.

Ìyá ẹlẹ́ní, ẹ bi dẹ́rẹ́bà yín bóyá ọkọ̀ gedú ti kọjá níbẹ̀ kí tiyín tó kọjá. Ipasẹ̀ wọn la máa ń rì sí. Wọ́n á di igi rọ̀ǹgbọ̀nràn kọjá agbára ọkọ̀, òru ni wọ́n sì fẹ́ràn láti rìn.

Bàbá_Gírédà dáhùn pé:

Òtítọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ gedú yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ọkọ̀ dán an wò ní Illinois láàárín ọdún 1958 sí 1960. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́rù yí títì po lóru àti lọ́sàn-án láti mọ ohun tó ń pa á. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù tó wà lórí áàsù kan, irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, bá di ìlọ́po méjì, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni ìpalára rẹ̀. Ó sún mọ́ ìlọ́po 16. Nítorí náà ọkọ̀ gedú kan tó di ẹrù kọjá ìwọ̀n lè ṣe títì ní ohun tí gbogbo tákísí tó kọjá lọ́jọ́ yẹn kò lè ṣe. Bó bá wá jẹ́ pé ilẹ̀ abẹ́ ti tutù, ó parí.

Ọmọ_Ògòtún_Òkèèrè dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Òkè òkun ni mo wà, àwa ọmọ ìlú níbí sì ń dá owó jọ. A fẹ́ ra òkúta, ká dà á síbi tó bàjẹ́ yẹn kí òjò tó dé. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Mo tún fẹ́ bi Bàbá: ìjọba wo ló ṣiṣẹ́ ọ̀nà ìgbèríko jù lójú yín? Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ DFRRI, àjọ ìjọba ológun tó ń rí sí oúnjẹ àti ọ̀nà ìgbèríko.

Bàbá_Gírédà dáhùn pé:

Ọmọ mi, ẹ kú akitiyan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra òkúta. Òkúta tí ẹ bá dà lé ilẹ̀ tútù, ilẹ̀ á gbé e mì. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó tún dá owó jọ. Ẹ fi owó yẹn gba àwọn ọ̀dọ́ tó lè fi àdá àti ṣọ́bìrì la gọ́tà láti orí òkè dé odò, kí wọ́n sì ro ẹnu kọ́fáàtì méjèèjì. Kí wọ́n kó erùpẹ̀ tí wọ́n bá wà jáde jìnnà o. Bí wọ́n bá kó o sí etí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ló máa dá a padà. Ẹ ṣe é ní oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bàbá yín kò parọ́. Ọdún 1986 ni ìjọba Babangida dá DFRRI sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó rẹ́, tí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó lẹ́nu oko. Ọkọ̀ wá ń wọ ibi tí kò wọ̀ rí, ọ̀nà oko sì di ohun tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Kó tó dìgbà yẹn, ADP Èkìtì-Àkókó, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé yá lówó, ti ń la ọ̀nà oko káàkiri láti Ìkọ̀lé. Lóde òní, RAAMP, ètò ọ̀nà ìgbèríko àti títa irè oko, ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, Báńkì Àgbáyé náà sì wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù lójú mi kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni àwọn òṣìṣẹ́ PWD àtijọ́, iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde láyé òyìnbó, tí wọ́n máa ń fún ní apá ọ̀nà kan. Máìlì díẹ̀ ni tìrẹ. O ní ọkọ́, àdá àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Òjò ò gbọdọ̀ rọ̀ kí o má rìn ín. Bí ewé bá dí gọ́tà lówùúrọ̀, kó tó di ọ̀sán o ti yọ ọ́. Mo bá díẹ̀ nínú wọn lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í ka ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí omi máa ń gbà bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ọmọ wọn. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì, wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Ìjọba á na owó ńlá lé ọ̀dà, wọ́n á já tẹ́ẹ́pù, orin á dún, kò sì ní sí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa gbé ọkọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bí mo bá rí gómìnà, ohun kan ṣoṣo tí mo máa bẹ̀ ẹ́ fún nìyẹn: kó dá wọn padà. Èèyàn kan láti ìlú kan, fún apá ọ̀nà tó gba ìlú rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú owó oṣù tí kì í fọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹlẹ́ní_Ògòtún kọ pé:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Mo rán ọmọ mi lọ síbẹ̀ lánàá. Ó ní ẹnìkan ti gbin ẹ̀gẹ́ wọ inú gọ́tà lápá òkè, òun kò tilẹ̀ rí ẹnu kọ́fáàtì kejì, koríko ni gbogbo rẹ̀. Ó tún ní àpò ọ̀rá kún ẹnu àkọ́kọ́. Ta ni kí n wá kọ̀wé sí, kí ni kí n kọ?

Bàbá_Gírédà dáhùn pé:

Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ yẹn, ẹ má fi ọlọ́pàá bá a. Ẹ jẹ́ kí ìjòyè àdúgbò pè é, kó wú u, kó gbìn ín síbòmíràn.

Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní Adó ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí káńsù yín ní Ìlawẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gba ààfin Ológòtún kọjá kí òǹtẹ̀ ààfin wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá lè rí ààfin Arájàka ní Ìgbàrà-Odò kí wọ́n fi tiwọn sí i, ó dára jù, torí ìlú méjì ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ má kọ “ọ̀nà wa bàjẹ́.” Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí tábìlì. Ẹ kọ orúkọ odò náà, ẹ kọ bó ṣe jìnnà tó sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo èèyàn mọ̀, ẹ sọ pé kọ́fáàtì ló dí àti pé abẹ́ títì ti ṣófo. Ẹ béèrè kọ́fáàtì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ àti gọ́tà oníkọnkéré láti orí òkè wá sísàlẹ̀. Oṣù Kìíní ni ọdún ìṣúná máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí ìwé yín dé ọwọ́ wọn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Bí wọ́n bá sì pe ará ìlú sí ìpàdé lórí ìṣúná, ẹ lọ, kí ẹ mú ẹní kan tó hu dání.

Ẹ ní kí ọmọ yín padà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ro ibẹ̀. Kó ya ẹnu kọ́fáàtì méjèèjì ní fọ́tò, kó fi ìgbésẹ̀ wọn fífẹ̀ títì níbẹ̀, kó sì fi ọ̀pá wo bí odò ṣe jìn tó. Ẹ gbé e síbí. Bí mo bá ti rí i, màá sọ fún yín ìwọ̀n kọ́fáàtì tí ẹ máa kọ sínú ìwé.